Lẹ́tà Kan Péré: Jíìnì FLO8 Ìwúkàrà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀kọ́ ní Èdè Abínibí

Ohun tó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí olùkọ́ èdè ṣe lè fi èdè abínibí ṣàlàyé ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì láìbu ọ̀rọ̀ náà kù. Àpẹẹrẹ tí a mú ni FLO8, jíìnì kan nínú ìwúkàrà. Ìwúkàrà kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ló ń mú búrẹ́dì wú, òun náà ló ń mú ẹmu hó.

Jíìnì dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà 4 péré kọ: A, C, G àti T. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ló ń di ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ 61 ń dárúkọ àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń so pọ̀ di purotéènì. 3 tó kù ń ṣe iṣẹ́ àmì ìdánudúró. TAG wà lára àwọn 3 yìí.

FLO8 tó pé ní ọ̀rọ̀ 799 kí àmì ìdánudúró tó dé. Ṣùgbọ́n nínú ìran ìwúkàrà tí wọ́n ń pè ní S288C, ọ̀rọ̀ kejìlélógóje (142), tó yẹ kó jẹ́ TGG, ti di TAG. G kan ṣoṣo ló di A. Òǹkàwé lè fi òye gbé àṣìkọ. Sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kan TAG, ó dúró, purotéènì tó gé kù náà kò sì wúlò. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé: ‘Bàbá ní kí Òjó gbé omi wá fún ìyá.’ Ẹ wá fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn ‘Òjó’, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí Bàbá ní kí Òjó ṣe.

Kí ni ìwúkàrà pàdánù? Nínú ìran mìíràn, Σ1278b, FLO8 wà ní pípé. Bí naitirojíìnì bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì ìran yìí a gùn, a so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, a sì wọnú ohun tó ń hù lé lórí lọ bí ẹni ń wá oúnjẹ. S288C kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Liu, Styles àti Fink fi hàn pé FLO8 ni ìdí rẹ̀: nígbà tí wọ́n fi èyí tó pé sínú S288C, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Orírun S288C gba àròjinlẹ̀. Ara èso ọ̀pọ̀tọ́ jíjẹrà kan ní Merced, ní Kalifóníà, ni Emil Mrak ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn baba ńlá rẹ̀ ní 1938. Láàrin ọdún 1950 sí 1959 ni Robert Mortimer mú S288C jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣù pọ̀ ló ń wá, nítorí èyí tó bá ṣù ṣòro láti kà. FLO8 sì wà lára ohun tó ń mú wọn ṣù. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kó jẹ́ pé ìrọ̀rùn iṣẹ́ ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi yan jíìnì tó bàjẹ́. Ìran yìí kan náà ni wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀ tán ní 1996, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12, tó sì di ìwé ìtọ́kasí fún gbogbo ìwúkàrà.

Ibí yìí ni ọwọ́ olùkọ́ èdè ti ròkè. Ẹni tó bá gbé gírámà Yorùbá ka orí ẹ̀yà àjùmọ̀lò nìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ‘ulé’ ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. Àmọ́ àfiwé yìí ní ààlà: àìní ‘u’ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò sọ Yorùbá àjùmọ̀lò di aláàbọ̀, nígbà tí FLO8 ti S288C bàjẹ́ ní tòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ da méjèèjì pọ̀.

Ní ti èdè-ìperí, ‘ìran’ ni a fara mọ́ ju ‘ẹ̀yà’ lọ, nítorí ‘ẹ̀yà’ ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yà ara àti ẹ̀yà èdè. Orúkọ jíìnì kò ní ìtumọ̀ kankan tí a ń wá fún un; bí ó ṣe wà ni kí a kọ ọ́, lẹ́tà ńlá fún èyí tó pé (FLO8), lẹ́tà kékeré fún èyí tó bàjẹ́ (flo8).