Ẹ Fi Iṣẹ́ Ọgbà Han Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé



Nígbà tí ẹ bá tún péjọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ẹ wo ara yín yíká. Orí mélòó ni ó ti funfun níbẹ̀? Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ńkọ́, mélòó ni wọ́n? Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀ wò, bí mo bá ti béèrè èyí, ṣe ni ilé máa ń pa lọ́lọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, ọkọ́ sì ń dúró de ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ọ̀lẹ ni ó ń dá àwọn ọmọ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń rán lọ ro oko, ọmọ tí ó bá sì pariwo ni a ń fún ní àdá láti gé koríko. Mo ro oko bẹ́ẹ̀ títí, n kò mọ ẹni tí ó jẹ ohun tí a kó níbẹ̀, n kò sì mọ iye tí a tà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé ìyà ni ọkọ́. Ọmọ tí a bá fi ọkọ́ jẹ níyà fún ọdún 6, báwo ni yóò ṣe fi tayọ̀tayọ̀ gbé e nígbà tí ó bá dàgbà?

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè wa. Ní 1959, ìjọba náà gbé ètò kan kalẹ̀ láti tẹ ìletò àgbẹ̀ dó fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ìwé, kí wọ́n lè ní ilẹ̀, ilé àti owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa: ilẹ̀ àti ilé nìkan kò lè mú ọ̀dọ́ dúró sí ẹnu iṣẹ́ tí kò fẹ́ràn láti ìgbà èwe. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

KÍ NI IṢẸ́ ỌGBÀ?

Iṣẹ́ ọgbà ni gbígbìn àti títọ́jú ẹ̀fọ́, èso, òdòdó, àti àwọn ohun tí ń mú ọbẹ̀ dùn, bí ata, àlùbọ́sà àti atalẹ̀. Òun ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, nítorí ilẹ̀ kékeré tó o, ẹ̀fọ́ a sì máa tètè mówó wọlé. Kòkó ń fẹ́ ọdún púpọ̀ kí ó tó so. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ọmọ bá gbìn lónìí, láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni yóò ti tó tà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ rí i pẹ̀lú pé iṣẹ́ yìí ju ọkọ́ lọ. Ẹ mú un lọ sí ọjà, kí ẹ sì fi apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan hàn án. Ẹnìkan ni ó ta irúgbìn rẹ̀. Ẹnìkan tọ́ ọ dàgbà fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kí a tó hú u lọ gbìn sí oko. Ẹnìkan hun apẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan gbé e. Alájàpá kan rà á. Ẹ sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, kí ọmọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí èyí tí ó wà lókè ti tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ fọ́. Ẹ bi í pé: «Ta ni ó pàdánù owó èyí?» Ọmọ tí ó bá ronú kan àpótí tí kì í jẹ́ kí tòmátò fọ́, tàbí tí ó ronú kan bí a ti ń lọ̀ ọ́ kí a sì dì í sínú agolo, ti wọ inú iṣẹ́ ọgbà ná.

Ìmọ̀ ìwé náà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn, níbi tí orúkọ igi eléso kan ti di orúkọ àdúgbò, ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ọgbà wà, èyí tí a ń pè ní NIHORT. Láti 1975 ni a ti dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń wá irúgbìn tí ó dára, wọ́n sì ń wádìí àrùn àti kòkòrò. Ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn kan náà, a ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1921.

EBÈ TI ỌMỌ FÚNRA RẸ̀

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní ebè pẹlẹbẹ kan, èyí tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń tàn sí, tí omi kò jìnnà sí. Kí ebè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó gùn tó 10. Bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ọmọ kò ní tó àárín, yóò sì máa tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 2 sí àárín ebè méjì.

2. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáradára mọ́ ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ 2 kí a tó gbin nǹkan. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa jó ọ̀gbìn.

3. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù jọ sí ojú kan.

4. Kí ọmọ máa bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí òjò kò bá rọ̀.

5. Kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun gbogbo sí: ọjọ́ tí ó gbìn, iye tí ó ra irúgbìn, iye ìdì tí ó kó, àti iye tí ó tà á.

Láàrin sáà ẹ̀kọ́ kan, tí í ṣe nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ọmọ lè kó ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fún àwọn tí ó dàgbà díẹ̀, ẹ fi bí a ti ń lọ́ ọsàn hàn wọ́n. A ó mú ọmọ igi ọsàn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, tí ó nípọn tó pẹ́ńsùlù. A ó fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ bí lẹ́tà T, a ó ki ojú èhù kan láti ara ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, a ó sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, a ó tú u. Bí ojú náà bá ṣì tutù, ó ti mú nìyẹn. Ọsàn tí a lọ́ a máa so ní ọdún 3 sí 5. Èyí tí a gbìn láti inú hóró lè pẹ́ ju ọdún 7 lọ. Ọmọ tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí lè máa tọ́ ọmọ igi tà.

OHUN TÍ MO FI OJÚ RÍ

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ fún mi pé: «Ọ̀gá, ìwé ni mo rán ọmọ mi lọ kà. Bí ó bá tún jẹ́ ọkọ́ ni yóò gbé, kí ni mo ń san owó ìwé fún?» N kò bá a jiyàn, nítorí bàbá tí ìyà ti jẹ lóko ni ó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó dá a lóhùn. Ó ní ebè méjì ní ilé-ìwé. Ó fi ìgbẹ́ adìẹ sí ọ̀kan, kò fi sí èkejì, ó sì ń ka ìdì ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó kó sínú ìwé rẹ̀. Ní òpin sáà, ó ka ìṣirò náà sí bàbá rẹ̀ létí. Ebè àkọ́kọ́ fi ìdì púpọ̀ ju èkejì lọ. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: «Níbo ni ẹ ti rí ìgbẹ́ adìẹ yẹn?» Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe ìṣirò oko wọn.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ilẹ̀ díẹ̀ nítòsí ilé-ìwé. Kí ẹ gba àwọn ọmọ láyè láti wo oko yín àti ìwé ìṣirò ẹgbẹ́. Kí ẹ bá wọn ta ẹ̀fọ́ wọn pẹ̀lú tiyín, kí ẹ sì ka owó wọn lé wọn lọ́wọ́ láìyọ kọ́bọ̀.

Ẹ má ṣe sọ wọ́n di alágbàṣe oko yín, tàbí ti olùkọ́. Ẹ má ṣe fi ìro oko jẹ wọ́n níyà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan oògùn apakòkòrò. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni ìyẹn.

Gbogbo wọn kọ́ ni yóò di àgbẹ̀, kò sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ yín lọ́la, ẹ jẹ́ kí ó ti mọ̀ láti òní pé iṣẹ́ tí ó lérè ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Irè oko yóò ṣe o.