Àjẹṣẹ́kù Inú Igbó: Owó Tó Wà Nínú Igi Tí A Kò Gé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lóṣù yìí dá lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ inú igbó, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń lọ ní agbègbè etí òkun. Bí a bá ti ń jíròrò ibi tí ẹgbẹ́ lè lọ najú, ìbéèrè kan ni àwọn ènìyàn wa sábà máa ń béèrè: "Kí ló wà nínú igbó tí èèyàn á fi sanwó kó tó wọ̀ ọ́? Ṣé igbó kò sí ní Akínmọ̀ọ́rìn ni?" Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tó ti ń roko láti kékeré, igbó kì í ṣe ohun ìran lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kan àpò olúkúlùkù wa, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa.

Afárá orí igi

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gánà. Igbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kakum. Láti Cape Coast, ìlú etí òkun, dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Láti 1931 ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bo igbó náà, nígbà tó sì di 1992 wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Ní 1995 ni wọ́n ṣí afárá kan síbẹ̀ fún àlejò, afárá tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé orí igi ni wọ́n so ó mọ́. Afárá méje ni, láti igi dé igi; àpapọ̀ gígùn wọn tó nǹkan bí 350 mítà. Ibi tó ga jù tó nǹkan bí 40 mítà sí ilẹ̀. Ẹ wo ọ̀pẹ tó ga jù lóko yín, kí ẹ tún fi ọ̀pẹ mìíràn lé e lórí. Ibẹ̀ ni èèyàn ń rìn gbà.

Báwo ni kì í ṣeé já? Okùn wáyà tí wọ́n fi irin hun ni wọ́n yí mọ́ àwọn igi ńláńlá lára. Wọ́n tẹ́ àkàbà irin fúyẹ́ sí orí rẹ̀, wọ́n sì to pákó lé àkàbà náà. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọ̀n wà ní ọ̀tún àti òsì, ó ga tó àyà èèyàn. Bí èèyàn bá dé ara igi kọ̀ọ̀kan, pèpéle wà tí yóò ti sinmi kí ó tó bọ́ sórí afárá tó kàn.

Afárá náà ń mì o. Mímì yìí ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ó yẹ kí ó mì. Ẹ wo okùn tí a ń sá aṣọ sí nílé. Bí ẹ bá fà á le pinpin, tí ẹ sì sá aṣọ tútù sí i, kò ní pẹ́ já. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀, yóò gbé aṣọ náà láìjà. Bí tiwọn náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n kì í sì í jẹ́ kí èrò pọ̀ jù lórí afárá kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ jìnnà, irú rẹ̀ wà l'Ékòó. Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó igbó kan ní Lekki láti 1990. Igbó náà kò tóbi, 78 hẹ́kítà péré ni. Ní 2015 wọ́n ṣí afárá orí igi tó gùn tó 401 mítà síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ Lekki ṣe wọ́n tó. Ilé àti ọ́fíìsì ti yí igbó yìí ká, síbẹ̀ ọ̀bọ ń fò lórí igi, ọ̀nì wà nínú àbàtà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wò wọ́n.

Ta ló ń jẹ níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa oníṣòwò rèé. Ẹni tó bá gé igi ìrókò kan tà fún oní-gẹdú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba owó rẹ̀. Igi tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀, bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n so afárá mọ́, owó ni lónìí, owó ni lọ́la. Àlejò á san owó ìwọlé. Ẹni tó ń mú wọn káàkiri á gba tirẹ̀. Awakọ̀ á jẹ, olóńjẹ á tà, alágbọn á tà, onílé ìtura á rí ẹni gbà. Àwọn tó wá wo ilé olódi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun ní Cape Coast àti Elmina máa ń ya Kakum náà, tí owó wọn á sì tún kù lọ́jà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù là ń pe ara wa, àbí? A fi owó pamọ́, a ń jẹ èlé, ojú owó wà níbẹ̀. Igbó tí wọ́n dá sí yẹn, ojú owó ni. Àwọn ará Fìdítì tó ń ta ọsàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí: ẹni tó bá gé igi ọsàn rẹ̀ dáná ti jẹ owó ogún ọdún lọ́jọ́ kan.

Àgbẹ̀ àti erin

Ṣùgbọ́n kí a má fi apá kan pamọ́. Erin wà nínú igbó Kakum, oko àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó sì yí igbó náà ká. Bó bá di òru, erin á jáde. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àgbẹ̀ tó jí lówùúrọ̀ tó bá àgbàdo rẹ̀ ní ilẹ̀ bẹẹrẹ, ṣé yóò bá wọn yọ̀ pé àlejò pọ̀ lónìí? Òun ló ń san nínú owó ìdáàbòbò igbó, láìgba rìsíìtì.

Ọgbọ́n kan tí wọ́n dá níbẹ̀ yẹ kí a mọ̀. Wọ́n lọ ata gbígbẹ, wọ́n pò ó mọ́ gírísì, wọ́n sì fi kun okùn tí wọ́n ta yí oko ká. Gírísì kì í jẹ́ kí òjò tètè wẹ ata náà nù. Imú erin gbọ́ òórùn púpọ̀, ata sì máa ń ta á, nítorí náà á yà kúrò. Ohun kan ni pé ó gba àmójútó, wọ́n ní láti máa tún un kùn. Bí ẹnì kan bá sì ṣe é tí aládùúgbò rẹ̀ kò ṣe é, oko aládùúgbò ni erin lè yà sí. Iṣẹ́ àjọṣe ni.

Nílé níbí, ẹ wo igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Àjọ UNESCO náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹdú tí wọ́n ń gé àti oko kòkó ti jẹ wọnú rẹ̀ jìnnà. Kí a má sáré dá àwọn tó ń roko níbẹ̀ lẹ́bi. Àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ jẹun. Ohun tí a rí kọ́ ni pé igbó tí àwọn tó yí i ká kò bá rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè ṣọ́ ọ tán.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lọ

Kí a má fọwọ́ kan owó ìfipamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má yá owó ẹgbẹ́ lọ najú. Kí ẹni tó fẹ́ lọ máa dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí akọ̀wé kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀. Kí a béèrè iye owó ìwọlé àti ti ọkọ̀ kí a tó dá iye owó.

Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí a wọ̀, kí á fi sílípáàsì sílé. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, tàbí kí ó gba ilẹ̀ rìn. Ọ̀nà wà nísàlẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sáré, kí ó má sì mi afárá fún ẹ̀fẹ̀. Kí ìyá tó gbé oúnjẹ sínú báàgì ṣọ́ra, ọ̀bọ Lekki mọ báàgì já gbà. Àárọ̀ ló dára jù, oòrùn kò tíì mú, ẹranko sì ń jẹ̀ nígbà náà.

Bó bá jẹ́ Gánà ni, àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti gbé ní òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀ kí olúkúlùkù mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹnubodè má di ibi ìjà.

Bí a kò bá tilẹ̀ lọ ibì kankan, ìwọ̀nba igbó tó kù lẹ́bàá odò wa ń bẹ níbẹ̀. Igi wo la fẹ́ dá sí? Kí la lè máa rí jẹ lábẹ́ rẹ̀ láìgé e, yálà oyin, ewé, èso tàbí òjìji fún àlejò? Kí olúkúlùkù rò ó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ ń retí èrò yín.