Basil Davidson: Bí Akọ̀ròyìn Ṣe Di Òpìtàn Ilẹ̀ Áfíríkà

Ní 1965, ìwé ìtàn kan jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìtàn agbègbè wa láti ọdún 1000 sí 1800 ló wà nínú rẹ̀. F. K. Buah, ọmọ ilẹ̀ Gánà, lọ́wọ́ sí kíkọ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ṣáájú lára ìwé náà ni ti Basil Davidson, òyìnbó tí kò ka yunifásítì kankan. Akọ̀ròyìn ni. Iṣẹ́ ìròyìn yẹn gan-an ló gbé e dé ìdí ìtàn, ọ̀nà tó sì gbà ṣẹlẹ̀ yẹ ní mímọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn á rán an lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Á kọ́ èdè wọn, á máa ka ìwé ìròyìn wọn láràárọ̀, á sì máa wá àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kiri. Ohun tí mínísítà bá sọ lọ́sàn-án, á bi awakọ̀ àti ọlọ́jà léèrè nípa rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni á kọ ọ́ ní ṣókí, kí ó yé ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Davidson ti bẹ̀rẹ̀. Bristol ni wọ́n bí i sí ní 1914, ó sì fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 16. Lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni kó máa lẹ ìwé ìpolówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, The Economist gbà á, ó sì di aṣojú wọn ní Paris. Ogun Àgbáyé Kejì ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di amí, wọ́n rán an lọ sí Budapest, iṣẹ́ ìròyìn ló sì fi bojú níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1943, ó fi páráṣúùtì bọ́ sí Bosnia láti jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ogun Tito, aṣáájú àwọn tó ń bá Jámánì jà ní Yugoslavia. Nígbà tí ogun ń parí lọ ní 1945, àárín àwọn jagunjagun orí òkè tó yí Genoa ká ní Ítálì ló wà.

Èmi gbà pé ibẹ̀ ni yunifásítì rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tí ìwé ìròyìn ìlú ńlá kì í dárúkọ ni ó bá sùn nínú igbó, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn ló ń lé ọmọ ogun Jámánì sá. Láti ìgbà náà, tí aláṣẹ kan bá sọ fún un pé àwọn ènìyàn kan ò já mọ́ nǹkan kan, kò ní gbà láìwádìí.

Lẹ́yìn ogun, ó ṣe akọ̀ròyìn The Times ní Paris, ó sì dé ọ̀dọ̀ New Statesman. Ní 1951 ó rin ìrìn àjò lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ìwé tó kọ nípa ohun tó rí níbẹ̀ jáde ní 1952, ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ sì fòfin dè é pé kó má wọ ilẹ̀ àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ ọ́ lára: àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn kankan kí àwọn tó dé. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè akọ̀ròyìn: ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?

Ẹ wo bó ṣe lọ nípa Great Zimbabwe, àwọn ògiri òkúta ńlá tí wọ́n tò láìlo amọ̀. Àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà ní àwọn ará Fòníṣíà ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, láti 1905 ni David Randall-MacIver ti walẹ̀ níbẹ̀ tó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ni, Gertrude Caton-Thompson sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1929. Lára ohun tí wọ́n gbé ẹ̀rí wọn lé ni àpáàdì tánganran láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹni tó mọ̀ nípa tánganran á wo àwọ̀ àti òdòdó ara rẹ̀, á sì sọ sáà ọba Ṣáínà tí wọ́n mọ ọ́n. Bí irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé, a jẹ́ pé wọn ò kọ́ ilé náà kí wọ́n tó mọ àwo yẹn. Ẹ̀rí tó ṣe kedere nìyí, ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló há sí. Irú àròsọ bẹ́ẹ̀ kan àwa náà: nígbà tí Leo Frobenius rí iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, àwọn ará Atlantis, erékùṣù tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló kà á sí lọ́rùn.

Davidson kò walẹ̀. Ó ka ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ, ó lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè títí ó fi yé e, ó wá kọ ọ́ bí ìgbà tó ń kọ̀wé sí ará ilé. Bí Old Africa Rediscovered ṣe jáde ní 1959 nìyẹn. Ó ṣe pàtàkì kí á sọ ọ́ pé òun kọ́ ló dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìwé Kenneth Dike lórí òwò Niger Delta ti jáde ní 1956, ti Sàbúrì Bíòbákú lórí àwọn Ẹ̀gbá sì tẹ̀ lé e ní 1957. Ohun tí Davidson ṣe ni pé ó gbé e dé ọwọ́ ẹni tí kò ní wọ ilé ìkàwé yunifásítì láéláé. Iṣẹ́ náà kò kéré, nítorí ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ṣì ń sọ ọ́ ní gbangba pé ìtàn òyìnbó nìkan ló wà ní Áfíríkà.

Kò fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ní 1967 ó wọ igbó Guinea-Bissau pẹ̀lú àwọn ajàjàgbara Amílcar Cabral tó ń bá Potogí jà, ó sì kọ̀wé nípa wọn ní 1969. Níbí ni àléébù rẹ̀ ti hàn sí mi. Ó fẹ́ràn àwọn ajàjàgbara wọ̀nyí débi pé àṣìṣe wọn kì í tètè hàn sí i. Irú ìwé báyìí tún máa ń gbó. Nínú ìwé 1959, ó tẹ̀ lé àwọn tó gbà pé láti Meroë ní Sudan ni ìmọ̀ irin rírọ ti tàn káàkiri. Ohun tí wọ́n wú jáde ní apá ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró dáadáa mọ́.

Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1975, ó sì fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Áfíríkà lórí tẹlifíṣọ̀n ní apá mẹ́jọ ní 1984. Ìwé rẹ̀ tí mo kà sí tó gboyà jù ni The Black Man's Burden ti 1992, tó jáde nígbà tó ti lé ní 75. Ó béèrè nínú rẹ̀ ìdí tí òmìnira tó fi gbogbo ara ṣètìlẹ́yìn fún kò fi so èso rere. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn aṣáájú gba ìjọba àti ààlà tí òyìnbó fi lélẹ̀, wọ́n sì pa ọgbọ́n ìṣèlú tí ìjọba bíi ti Asante ti ní tì. Ó fi Ìlà Oòrùn Yúróòpù tó mọ̀ látojú ogun wé e. Nígbà tó kú ní 2010, lẹ́ni ọdún 95, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ìdáhùn yẹn.