Fíìmù Tí Aró Rẹ̀ Ti Tán

Ẹ̀yin ará Ìtapàjí, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá bá fíìmù Kodachrome tí a kò tíì fọ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe sọ ọ́ nù. Ní 1935 ni fíìmù yìí jáde, àwòrán rẹ̀ sì ni a ń fi iná gbé sára ògiri. Ó dàbí aṣọ funfun tí kò tíì dé ìkòkò aró: ìgbà tí a bá ń fọ̀ ọ́ ni àwọ̀ ń wọ inú rẹ̀. Ní 2009 Kodak ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ní òpin 2010, ilé ìfọ̀fíìmù kan ṣoṣo tí ó kù, ní Parsons ní Amẹ́ríkà, ṣíwọ́ gbígbà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú lè fọ̀ ọ́ ní dúdú àti funfun. Bí ọjọ́ kò bá tíì bà á jẹ́, ojú ìyá àgbà yóò hàn. Àwọ̀ gèlè rẹ̀ ni kì yóò hàn.