Bí A Ṣe Ń Yẹ Rìlé Sítátà Ọkọ̀ Wò

Ẹ̀yin awakọ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wọn, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì kò dáhùn, ẹ má ṣe kánjú ra sítátà tuntun. Ó lè jẹ́ rìlé, ohun kékeré inú àpótí fíúsì, ni ó bàjẹ́. Iná díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni ó ń sọ irin inú rẹ̀ di òòfà. Òòfà náà ni ó ń la ọ̀nà fún iná bátìrì láti dé ọ̀dọ̀ sítátà.

Ẹ kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi jíà sí fírì. Ẹ fi mítà wọn bátìrì: èyí tó kún máa ń fi nǹkan bí fólìtì 12.6 hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan rìlé kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá dún kẹ́kẹ́, bóyá iná kò dé ibẹ̀, tàbí rìlé ti kú. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ fi rìlé mìíràn tí nọ́ńbà wọn bára mu rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí àbùkù wà.

Dídún nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ojú irin inú rìlé lè ti jó. Bí ó bá dún tí sítátà kò yí, ẹ pe rewáyà. Ẹ má ṣe fi wáyà já rìlé kọjá: ọkọ̀ tó wà nínú jíà lè ta síwájú, kí ó sì pa ènìyàn lára.