Onídán Tí Ó Mọ Owó Ọfọ̀ Ṣọ́ Ná

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìyàwó ilé tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀ mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe onídán nínú eré Dungeons & Dragons náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó gbé e jáde ní ọdún 1974. Àwọn òṣèré a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan a máa darí ìtàn, àwọn yòókù a sì máa sọ ohun tí ẹni inú ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Kí àyà má ṣe já ẹnikẹ́ni nítorí pé àwọn kan ń túmọ̀ wizard sí oṣó. Ẹni tí ó kọ́ idán láti inú ìwé ni eré yìí ń sọ, nítorí náà onídán ni n ó máa pè é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 12, ṣe onídán tirẹ̀ bí ẹni ń ṣe jagunjagun. Ó fi òǹkà tí ó ga jù lọ sí agbára, ó sì ná ọfọ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí eku. Nígbà tí ọ̀tá gidi dé, onídán náà kú. Ọmọ sunkún, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti rẹ̀ jókòó ti ìwé ìlànà ti ọdún 2014, a sì ṣe òmíràn.

Òǹkà mẹ́fà ni a ní láti pín: 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. A fi 15 sí làákàyè, nítorí ibẹ̀ ni ipá ọfọ̀ rẹ̀ ti ń wá. 14 sí ìyára, kí ó lè yẹ ọfà. 13 sí líle ara. Agbára ni a fún ní 8. Nítorí pé ènìyàn ni a fi í ṣe, ó gba 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní ipele kìn-ín-ní, iye ẹ̀mí rẹ̀ kò ju 8 lọ. Ẹ̀yìn àwọn jagunjagun ni ibùdúró irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọfọ̀ mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ gbà, ó sì lè pèsè mẹ́rin sílẹ̀ lójúmọ́. A mú Mage Armor, tí ń dáàbò bo ara fún wákàtí 8, Shield, tí a ń lò nígbà tí idà ọ̀tá bá fẹ́ bá ni, Magic Missile, tí kì í tàsé, àti Sleep. Fún Sleep, a ó da dáìsì olójú 8 márùn-ún, a ó ro wọ́n pọ̀. Àwọn tí ẹ̀mí wọn kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sùn. Iwin kékeré tí a ń pè ní goblin ní ẹ̀mí 7, nítorí náà mẹ́ta lè sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ yìí kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Méjì tí ó kù ni Detect Magic, tí ń fi idán hàn, àti Find Familiar, tí ń pe ẹranko alámí wá. Ẹni tí kò bá kánjú lè kà wọ́n láti inú ìwé láìná ohunkóhun nínú àyè ọfọ̀ rẹ̀. Bí òwìwí bá ń já yín láyà, ẹ pe àwòdì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí a ti ń ṣírò owó ọjà. Àyè ọfọ̀ méjì ni onídán yìí ní lójúmọ́. Bí ó bá sinmi fún wákàtí kan, ó lè gba ọ̀kan padà, lẹ́ẹ̀kan péré lóòjọ́. Mage Armor yóò gba ọ̀kan ní òwúrọ̀. Méjì péré ni ó kù fún gbogbo ìjà. Nítorí náà ni a fi mú Fire Bolt mọ́ àwọn ọfọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí kì í tán. Iná yẹn tó fún eku.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà padà sídìí tábìlì. Goblin mẹ́ta yọ sí wọn nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fi Sleep dá dùbúlẹ̀. Ó tẹ̀ mí láago. “Àǹtí,” ni ó wí, “mo fi ọ̀kan pamọ́.”

Bí ọmọ yín bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wálé, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè iye tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.