Àkítọ̀ kì í kú! Apá kejì fíìmù wo ló já òǹwòran kulẹ̀ jù?

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn fíìmù, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ olóṣèlú kankan, ẹ má sì dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé apá kejì fíìmù wo ló burú jù. Láti ibùdókọ̀ l'Ádó-Èkìtì dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ n'Ísinbọ̀dé-Èkìtì, títí dé Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ìbéèrè yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní Jenifa ni, ẹlòmíì á ní King of Boys ni, ẹni tó bá sì ti ń wo Schwarzenegger látìgbà kásẹ́ẹ̀tì á ní Terminator ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Kí wọ́n tó parí ẹ̀, iná á ti lọ, jẹnẹrétọ̀ á ti kú, ẹnu ò sì ní í kò.

Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ náà jọ, àmọ́ owó wà nídìí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó fi owó ọkọ̀ ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, tàbí tó fi dátà tí ì bá fi pe ilé wo fíìmù, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ìtàn ni wọ́n tà fún un àbí àjẹkù ìtàn.

TERMINATOR KỌ̀, KÒ KÚ

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà ní tiwa nìkan là ń bú. Ọdún 1984 ni James Cameron gbé Terminator àkọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ kan tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ ló ti ọjọ́ iwájú wá, tó ń lé obìnrin kan, Sarah Connor, kiri pé òun fẹ́ pa á, kó má baà bí ọmọ tó máa ṣe olórí àwọn èèyàn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá gbógun ti aráyé. Apá kejì jáde lọ́dún 1991, ọ̀pọ̀ sì gbà títí dòní pé ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú ẹ̀rọ tó jẹ́ apààyàn nígbà kan ló wá di ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ náà, John Connor. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, wọ́n ti jó gbogbo ohun tó lè fa ogun náà, Schwarzenegger fúnra ẹ̀ sì wọnú irin gbígbóná lọ, ó yọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó láyà ló rọra nu ojú nù lọ́jọ́ náà. Ìtàn ti parí.

Ó parí kẹ̀? Lọ́dún 2003, wọ́n tún jí i dìde. Apá kẹta ní ogun tí wọ́n sọ pé àwọn ti dènà ẹ̀ yẹn, ńṣe ló kàn sún síwájú. Apá kẹrin dé lọ́dún 2009. Nígbà yẹn, Schwarzenegger ti di gómìnà ìpínlẹ̀ California, kò ráyè ṣeré. Ojú ẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n fi han aráyé fúngbà díẹ̀. Ẹ wo egúngún tí aṣọ jáde láìsí ẹni tó gbé e! Lọ́dún 2015, wọ́n gbé Genisys dé, wọ́n padà sínú ọdún 1984 lọ́hùn-ún, wọ́n yí ohun tá a ti fojú ara wa rí níbẹ̀ padà, wọ́n sì sọ John Connor di ọ̀tá. Nígbà tó di 2019, Dark Fate jáde, òun ní ká gbàgbé apá kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ká ṣe bí ẹni tí kò rí wọn rí. Kí òǹwòran tó jókòó dáadáa, wọ́n ti yìnbọn pa John Connor tá a ti ń ṣàníyàn lé lórí láti 1991.

Nínú gbogbo wọn, èwo ló burú jù? Àwọn kan ń di gbogbo ẹ̀bi ru apá kẹta, àmọ́ ẹjọ́ yẹn le jù. Apá kẹta ṣì nígboyà: ogun tí wọ́n ń bẹ̀rù bẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́ níparí ẹ̀, wọn ò fi ẹ̀rín músẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Genisys ni kò níbi tó máa fẹ̀yìn tì. Fíìmù tí kò dùn ba tiẹ̀ nìkan jẹ́. Èyí tó bá padà sẹ́yìn lọ ń tún ti àkọ́kọ́ tò ń da oúnjẹ tá a ti jẹ yó rú nínú wa.

BÍ APÁ KEJÌ ṢE WỌ ILÉ WA

Ní tiwa níbí, kì í ṣe àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Olóògbé Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde lọ́dún 1979, lẹ́yìn náà ni Jáyésinmi tẹ̀ lé e, níbi tí bàbá ti tún padà dojú kọ àwọn àjẹ́ àti oṣó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù láyé ìgbà yẹn. Èèyàn á sanwó lẹ́nu géètì, á jókòó, fíìmù á bẹ̀rẹ̀, á sì parí lóru ọjọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó láyà láti ní kí èrò tó kún gbọ̀ngàn máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá gbọ́ ìparí ìtàn lóṣù tó ń bọ̀. Wọn ì bá fọ́ àga!

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Láti ìparí ọdún 1980 sí 1989 làwọn onítíátà Yorùbá ti ń fi kámẹ́rà fídíò ya eré, torí fíìmù sinimá ti gbówó lórí kọjá agbára. Lọ́dún 1992 ni Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò, apá kejì tẹ̀ lé e lọ́dún 1993, ọjà wá gbóná girigiri. Àwọn máákẹ́tà Ìdúmọ̀tà rí i pé ẹni tó bá ra apá kìn-ín-ní kò ní í lè sùn láìra apá kejì. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì lọ, tí fíìmù bọ́ sórí pẹlẹbẹ VCD, ó tún burú sí i. Pẹlẹbẹ kan kì í gbà ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ. Fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ wà lórí pẹlẹbẹ méjì. Bó bá sì ti di méjì, kí ló dé tí wọn ò ní í ta á ní méjì? Kí ló dé tí kò ní í di mẹ́rin?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtàn bí amàlà tó rọ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù ìgbà náà kò lè gbàgbé. Mọ́tò á dé ẹnu géètì, yóò fọn fèrè, géètìmáànù á dìde níbi tó jókòó sí, á rìn wá, á ṣí i, mọ́tò á wọlé, á dúró, ọ̀gá á sọ̀kalẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á rìn dé yàrá pàlọ̀, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú orin. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tẹ́nikẹ́ni tíì sọ. Nígbà tí aṣebi bá wá gbé ìbọn sókè báyìí, tí ọkàn oníkálukú ti fò sókè, àkọlé á jáde gàdàgbà lójú tẹlifíṣàn pé ká máa retí apá kejì. Èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún àkọlé yẹn nínú ilé kò kéré.

Ká má parọ́ mọ́ wọn o, àwọn máákẹ́tà náà ní tiwọn láti sọ. Àwọn ni wọ́n ń kówó sílẹ̀, àwọn ayédèrú sì ti ń dúró de fíìmù tuntun bí àwòdì. Bí fíìmù bá jáde lónìí, kò ní í pẹ́ tí ayédèrú ẹ̀ á fi kún orí igbá. Ẹni tí wọ́n ń lé kì í rọra rìn. Ẹ̀mẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fẹ́ fi gba owó tí wọn ò rí gbà tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òǹwòran kọ́ ló jí fíìmù wọn, òun ló sì ń san án.

ÀWỌN TÓ YẸGE

Àwọn kan á ní gbogbo apá kejì ló burú. Irọ́ ni. Ẹ wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, láti ọwọ́ Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé. Apá mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ ló sì di fíìmù tí wọn ò yéé dárúkọ. Ìdí ẹ̀ kò le. Àwọn mẹ́ta ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ ilé epo, ilẹ̀ bínú, méjì kú, Ọ̀tún Aṣíyanbí wá kù, ó ń sá fún ikú kiri. Ẹni tí ikú ń lé, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa sá dé. Bí apá kejì àti ìkẹta kò bá sí, òǹwòran fúnra ẹ̀ ni ì bá lọ bẹ̀ wọ́n.

Agogo Èèwọ̀ tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ṣaworoidẹ jáde lọ́dún 1999, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn ìlú Jogbo, níbi tí Lápité ti kọ̀ láti ṣe orò tó máa dè é mọ́ òtítọ́, tí ọ̀gá ológun, Lagata, sì wá fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀. Adé ló pa Lagata níkẹyìn nígbà tí ìlù saworo dún. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: àwọn ìjòyè tó bá Lápité jẹun, tí wọ́n tún bá Lagata jẹun ńkọ́? Èyí ni Agogo Èèwọ̀ wá dáhùn lọ́dún 2002. Wọ́n mú Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n rò pé ẹni tí àwọn á jọ máa kó owó ìlú ni, wọn ò mọ̀ pé olóòótọ́ ni wọ́n fà wọlé. Ní Nàìjíríà tí ìjọba alágbádá ti ń lọ sí ọdún kẹta, kò sí òǹwòran tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé. Apá kìn-ín-ní jẹ gbèsè, apá kejì wá san án. Èyí tí kò sí gbèsè kankan nílẹ̀, tí wọ́n kàn wá kanlẹ̀kùn tún gba owó, òun ni wàhálà.

JENIFA, MAKANAKI ÀTI SÀRÓ

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà. Jenifa jáde lọ́dún 2008, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù fún Fúnkẹ́ Akíndélé níbi AMAA ọdún 2009. Suliat, ọmọ oko tó wọ yunifásítì, tó fẹ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́sàn-án kan òru kan, ó jẹ ìyà ẹ̀ tán nínú fíìmù àkọ́kọ́. Òyìnbó tó ń fọ́ lẹ́nu ẹ̀ dùn nígbà náà nítorí pé ìtìjú wà lábẹ́ ẹ̀rín yẹn. Nígbà tí The Return of Jenifa dé lọ́dún 2011, àwọn gbajúmọ̀ òṣèré kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, òyìnbó fífọ́ náà sì wá di ọjà gan-an. Ẹ̀rín wà, àmọ́ ìtìjú tó mú ẹ̀rín náà nítumọ̀ ti lọ. Eré tẹlifíṣàn Jenifa's Diary tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014 ló ṣe ohun tó gbọ́n: ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn lákọ̀tun, ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà dàgbà díẹ̀díẹ̀.

King of Boys tí Kẹ́mi Adétiba ṣe lọ́dún 2018 ní gbèsè nílẹ̀ lóòótọ́, torí Ẹniọlá Salami tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe kì í ṣe ẹni tó máa sá lọ kó má padà. Àmọ́ nígbà tí apá kejì dé sórí Netflix lọ́dún 2021, apá méje gbáko ni wọ́n fi sọ ọ́, Makanaki tí oníkálukú ti sin lọ́kàn ara ẹ̀ sì tún dìde. Àwọn ọmọ ìgboro ṣáà ti máa ń sọ ọ́ pé àkítọ̀ kì í kú! Bí òkú bá wá lè jí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún bẹ̀rù ìbọn nínú apá kẹta?

Ti Àníkúlápó tún yàtọ̀. Fíìmù tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022 dá lórí ẹni tó ń jí òkú, tí ìgbéraga sì pa. Ikú Sàró ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dá a padà nínú eré alápá mẹ́fà tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2024, àwọn kan ní ó tọ́, ó yẹ kó wá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́. Àwọn tó ní ó tọ́ ló jàre níbí, torí àwọn òkú tí Sàró jí ṣì ń rìn káàkiri, gbèsè ńlá nìyẹn. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni pé ìtàn ìjà ipò l'Ọ́yọ̀ọ́ àti ti àwọn mìíràn pọ̀ lójú ọ̀nà títí tí onígbèsè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù láàárín èrò.

Bí wọ́n bá wá ní ká dárúkọ kan ṣoṣo láàárín àwọn tó lórúkọ, The Return of Jenifa ni. Kì í ṣe pé òun ni kò dùn jù, òun ló gbà lọ́wọ́ apá kìn-ín-ní jù, tí kò sì fi nǹkan kan kún un.

ỌJÀ Ò MỌ ÌYẸN

Àmọ́ ẹ wo owó. Omo Ghetto: The Saga, tó tẹ̀ lé Omo Ghetto ọdún 2010, jáde ní Kérésìmesì ọdún 2020, ó sì pa iye tó lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, ó fi ẹ̀yìn The Wedding Party balẹ̀. Everybody Loves Jenifa tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2024 kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Òṣèré tí ilé ẹ̀ ń gba àpò owó báyìí, ta ló máa sọ fún un pé kó má ṣe apá mìíràn?

Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, VCD ti lọ, ṣùgbọ́n àkọlé àná ti padà dé sórí YouTube. Wọ́n á gbé apá kìn-ín-ní síbẹ̀ lónìí, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì. Kò sí pẹlẹbẹ tó kún mọ́, kò sí ohun tó ní kí ìtàn wákàtí méjì pín sí méjì, àyàfi pé ìpolówó ẹ̀ẹ̀mejì sàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn òǹwòran náà ti gbọ́n o. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan apá kìn-ín-ní mọ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi pé. Bó bá sì pé, lórí wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi ya á, ìka wọn ti mọ ibi tí wọ́n á ti fò ó: kété tí mọ́tò bá ti dé ẹnu géètì.